Ta Ni Ọwọ́ Rẹ̀ Tẹ Èèkù Idà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ìtumọ̀ tí a sábà máa ń fún òwe yìí ni pé kí ènìyàn ní sùúrù títí agbára rẹ̀ yóò fi ká ohun tí ó fẹ́ dáwọ́ lé. Èmi kò bá ìtumọ̀ yìí jà. Ṣùgbọ́n bí a bá tú òwe náà wò dáadáa, a ó rí i pé ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn: ta ni yóò sọ fún wa pé ọwọ́ ti tẹ idà? Ṣé ẹni tí ó ni ọwọ́ ni, àbí ẹni tí ó ni idà, àbí ẹni tí idà náà lè ṣèèṣì bá lọ́rùn? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé mi jọ gbé yẹ̀ wò. N kò ní fi idà yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ̀ òfúrufú ni n ó lò, ìyẹn irú èyí tí ènìyàn kì í wọ̀, tí a máa ń dúró sórí ilẹ̀ fi rédíò darí.

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè Yorùbá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú. Ọmọ Ìwó ni mí. Ìlú tí a kò lè ki oríkì rẹ̀ tán láìdárúkọ odídẹrẹ́ kò yẹ kí ó ka ohun tí ń fò sí àjèjì. Yàtọ̀ sí èyí, ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ mi ní ti gidi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ti ń fi fóòmù funfun, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣàn sínú páálí, gbẹ́ ọkọ̀ òfúrufú láti ìgbà tí ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí ó yá, ó rí ẹ̀rọ rédíò àti bátìrì rà, ó kọ́ ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ kan, ó sì ń gbé e fò lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ti tó ọdún méjì báyìí. Ní Kérésìmesì tí ó kọjá, àbúrò ìyá rẹ̀ tí ó ń gbé ní Houston gbé ọkọ̀ ńlá kan wálé fún un nínú páálí gígùn. Apá ọkọ̀ náà, láti ìkángun kan dé èkejì, ju mítà méjì ààbọ̀ lọ. Ó wúwo tó kílò 12. Epo bẹntiróòlù ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu. 100 cc ni ẹ́ńjìnnì náà, ìyẹn ni pé ó tó ti àwọn ọ̀kadà kan tí ń gbé èrò kiri ìgboro wa. Ẹ̀gbọ́n mi wo ohun tí ó wà nínú páálí, ó tì í mọ́ yàrá, ó sì sọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Láti ọjọ́ náà ni ilé kò ti rójú.

“Ọ̀mọ̀wé, ìwọ ni o kàwé, bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ọmọ náà sì wá bá mi lọ́tọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Dádì. Ńlá yìí rọrùn ju kékeré lọ.”

Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí a mọ ohun tí ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ àti ohun tí ọkọ̀ adárà jẹ́, nítorí pé kì í ṣe títóbi nìkan ni ó yà wọ́n.

Ohun tí a fi àánú kọ́ ni ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́. Òkè ara rẹ̀ ni apá rẹ̀ wà, ìkángun apá náà lọ́tùn-ún àti lósì sì gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tí ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba ọmọ. Ìsàlẹ̀ apá náà tẹ́ pẹrẹsẹ, òkè rẹ̀ ni ó yọ ikùn, èyí ni ó fi lè rọra máa lọ láìjábọ́. Bí atẹ́gùn bá tì í gbún sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tí ó rẹlẹ̀ yóò rí agbára gbà lára atẹ́gùn ju èkejì lọ, yóò sì gbé ọkọ̀ náà padà sí bí ó ti wà. Nítorí náà, bí ojú akẹ́kọ̀ọ́ bá dàrú, tí ọkọ̀ náà sì wà lókè réré, ohun tí olùkọ́ máa ń sọ fún un ni pé kí ó mú ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá ìdarí. Ọkọ̀ náà yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fi èdè wa ṣeré díẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni: ohùn orí sílébù àkọ́kọ́ nìkan ni ó ya “darí” sí “dárí”, ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ sì ń dárí jini ju bí a ti ń darí rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ adárà kò ní àánú kankan nínú. Àárín ara rẹ̀ ni apá rẹ̀ ti yọ, ó nà tọ́ọ́rọ́, bí òkè apá náà ti yọ ikùn gan-an ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ. Èyí ni pé kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bí ó ti ń fò ní ìdojúbolẹ̀ náà ni ó ń fò ní ìdojúsókè. Àwọn abala tí ń mì lára apá àti ìrù rẹ̀ fẹ̀ gan-an, tí ó fi jẹ́ pé bí àtàǹpàkò bá yẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀pá ìdarí, ọkọ̀ náà ti tàkìtì. Ó lè gbé imú sókè kí ó nàró lójú kan, kí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ nìkan máa gbé e dúró. Ibi tí o bá fi í sí ni yóò wà. Bí o bá mú ọwọ́ kúrò nígbà tí ó dorí kọ ilẹ̀, ilẹ̀ ni yóò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ṣe ní àwòkọ àwọn ọkọ̀ tí ènìyàn gidi fi ń dárà, bí Extra 300 ti àwọn ará Jámánì àti Sukhoi Su-26 ti àwọn ará Rọ́ṣíà.

Ìtàn eré yìí kò kéré. Ní ọdún 1937, ní Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, àwọn ìbejì kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Walter àti William Good fi rédíò darí ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Guff. (Àwa Yorùbá ì bá kọ́kọ́ béèrè èwo ni Táyé.) Ọkọ̀ náà borí ní ìdíje gbogbo Amẹ́ríkà ní 1938, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian di òní. Apá rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8, nítorí pé rédíò àti bátìrì ayé ìgbà náà wúwo. Èyí fi hàn pé kékeré kọ́ ni ó ṣáájú nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ẹ̀rọ fúyẹ́ ni ọkọ̀ wá kéré, tí ọmọdé fi rí i lò. Ní 1974 ni ìdíje ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní Las Vegas, tí Bill Bennett, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni òtẹ́ẹ̀lì Circus Circus nígbà náà, ná owó lé lórí, ibẹ̀ sì ni òkìkí ọkọ̀ adárà ńláńlá ti kàn. Ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ ńlá ní Amẹ́ríkà ní tiwọn kì í sábà ka ọkọ̀ olápá kan sí ńlá bí apá rẹ̀ kò bá tó ínǹṣì 80.

Ó yẹ kí a fi òótọ́ fún olóòótọ́: ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ kì í ṣe irọ́. Èyí tí ó tóbi rọrùn láti gbé fò ju kékeré lọ. Ojú ń rí i láti ọ̀nà jíjìn, ènìyàn kò sì ní máa méfò bóyá ó dojú kọ òun ni àbí ó kẹ̀yìn sí òun. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì rẹ, o ní láti ti inú ọkọ̀ náà wo ayé kí o tó lè darí rẹ̀. Atẹ́gùn ọyẹ́ tí ń ju fóòmù kílò kan síhìn-ín sọ́hùn-ún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí kílò 12. Yàtọ̀ sí èyí, ó máa ń dà bí ẹni pé ó ń rọra lọ, bí erin ti máa ń dà bí ẹni pé kò sáré. Àwọn tí ó mọ eré yìí gbà láàrin ara wọn pé èyí tí ó tóbi ni ó mọ̀ ọ́n fò.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ṣùgbọ́n kò dáhùn ohun tí baba rẹ̀ bi í. Ohun tí ó dáhùn ni bóyá ọkọ̀ náà le. Ohun tí baba rẹ̀ ń béèrè, bí kò tilẹ̀ rí ọ̀rọ̀ náà pè, ni bóyá ó wúwo. Mo rò pé nínú ìdàrúdàpọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yìí ni ọ̀pọ̀ ìjà àgbà àti ọmọdé ti ń wá. Ohun tí ó le ni èyí tí ń yọ ẹni tí ń ṣe é lẹ́nu. Ohun tí ó wúwo ni èyí tí yóò bọ́ lé ẹlòmíràn lórí bí ó bá já. Kò sí òfin kan tí ó so méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ agbépo tí a ń rí lójú títì lóde òní rọrùn láti wà ju bọ̀lẹ̀kájà ayé àtijọ́ tí awakọ̀ ń fi gbogbo ara yí ọwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ a mọ èyí tí ó ń sun àdúgbò ní àsunrun. Kò sì sí iṣẹ́ tí ó rọrùn tó kí a bu ọwọ́ lu ìwé. Ẹni tí kò lè kọ ebè mẹ́wàá láìmí gúlegúle lè bu ọwọ́ lu ìwé kan láàárọ̀ kí odindi ìlú má rí omi mu fún ọdún márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò díẹ̀ gbè é. Ọkọ̀ fóòmù rẹ̀ kò ju kílò kan àti díẹ̀ lọ. Ńlá yìí wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Bí ó bá sì ń sáré jù ú lọ ní ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi kọlu ohun tí ó bá bá pàdé yóò di ìlọ́po ogójì, nítorí pé bí eré bá di méjì, agbára ìkọlù a di mẹ́rin. Fóòmù a máa fọ́, a ó sì fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. A kì í fi gúlúù lẹ orí ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2013, ní ọgbà ìtura kan ní Brooklyn ní New York, hẹlikópítà tí a ń fi rédíò darí pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń darí rẹ̀. Ọmọ ọdún 19 ni òun náà. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n darí kọ́ ni. Ọ̀gá ni nínú ìdárà. Mo sọ èyí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Ṣùgbọ́n baba rẹ̀ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ohun tí ó ń wí ni pé kí ọmọ náà máa lo kékeré fún ọdún márùn-ún sí i. Ó rò pé bí ọdún bá ti ń gun orí ọdún ni ọwọ́ ń tẹ èèkù idà. Èyí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò jù.

Ẹ rántí wàláà. Ní Ìwó wa yìí, tí òkìkí àwọn ààfáà rẹ̀ ti ń kàn láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ wa ni ó fi wàláà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, àti ẹni tí ó di Mùsùlùmí àgbà àti ẹni tí kò dì í. A ó fi tàdáà kọ ọ́ sójú pátákó. Bí a bá ṣì í kọ, tàbí bí a bá ti mọ̀ ọ́n sórí, a ó fi omi fọ̀ ọ́. Wàláà ń dárí jini. Ṣùgbọ́n ìdáríjì rẹ̀ hàn sójú. Ààfáà ni yóò fi ìka hàn ọ́ ibi tí o ti ṣì í, ìwọ ni yóò lọ bu omi, ìwọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ pa àṣìṣe rẹ rẹ́, tàdáà yóò sì kù sí ọ léèékánná dìrọ̀lẹ́. Ẹni tí wàláà bá dárí jì mọ̀ pé a dárí ji òun.

Ìdáríjì ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ó ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹ ọwọ́, ọkọ̀ náà tún un ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì mọ̀ pé òun yẹ ọwọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àlàáfíà, ó rò pé tòun ni àlàáfíà náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó gbé apá ọkọ̀ náà sókè díẹ̀ nígbà tí ó ń kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn, tí ó wá ń pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tí akọ̀wé rẹ̀ ń tún lẹ́tà rẹ̀ kọ kí ó tó jáde. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́wàá darí ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ lè jẹ́ ẹni tí ó fi ọdún mẹ́wàá kọ́ bí a ti ń mú ọwọ́ kúrò. Bí a bá wá gbé ọkọ̀ adárà lé e lọ́wọ́ nítorí pé ó ti pẹ́, ìṣesí ọdún mẹ́wàá náà gan-an ni yóò pa á. Pípẹ́ kọ́ ni ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni kí ènìyàn lè ya èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àlàáfíà rẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ ìyẹn? Ọgbọ́n tí àwọn oníṣẹ́ yìí fúnra wọn dá wú mi lórí. Wọn kì í ti orí ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ gbé ènìyàn bọ́ sórí ọkọ̀ adárà ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ọkọ̀ kejì tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ara, tí kì í tún ara rẹ̀ ṣe bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n tí ó kéré. Tàbí adárà tí a fi fóòmù ṣe, tí kò wúwo ju ìwé atúmọ̀ èdè kan lọ. Èyí ni pé wọ́n á kọ́kọ́ mú àánú kúrò, wọn kò sì ní tíì fi ìwúwo kún un. Nígbà tí ọwọ́ bá ti mọ ohun tí kò láàánú níbi tí àṣìṣe ti jẹ́ ọ̀rọ̀ gúlúù lásán, ni wọ́n á tó wá di ẹrù lé e.

Ó rán mi létí àwọn ọmọ Àyàn. Láti orí gúdúgúdú tàbí kànàngó àti irú wọn ni ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé a fi ìyáàlù kọ́ ọ léjìká. Ní tòótọ́, àfiwé yìí kò rí bákan náà délẹ̀, nítorí pé ìyáàlù le, ó sì tún wúwo. Bí gúdúgúdú bá ṣì í lù, ijó ni ó bàjẹ́. Bí ìyáàlù bá ṣì í lù níwájú ọba, a ti bú ọba. Ṣùgbọ́n mo tún ti rí àgbà onílù tí kò jọ̀wọ́ ìyáàlù fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó ti ń hu ewú ṣì ń gbè é lẹ́yìn. Ó ní ọwọ́ wọn kò tíì mọ́. Ọwọ́ wọn ì bá ti ṣe mọ́? Ẹni tí ó ń ṣọ́ idà nítorí ọmọ àti ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ nítorí ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń ti ẹnu àwọn méjèèjì jáde: “Kò tíì tó àkókò.” Ohun tí a lè fi dá wọn mọ̀ kò pọ̀. Èmi mọ ọ̀kan: ẹni tí ó ń ṣọ́ ọ nítorí ọmọ yóò sọ ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe àti ìgbà tí òun yóò tún wò ó. (A mọ irú àgbà kejì yìí ní yunifásítì pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀.)

Ó ku ẹnì kẹta inú òwe wa, ẹni tí idà lè bá. Nígbà tí olùkọ́ bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú eré yìí, ẹ̀rọ ìdarí méjì ni wọ́n máa ń lò, láyé àtijọ́ okùn ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, lónìí rédíò ni. Olùkọ́ yóò máa tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀. Bí ó bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ ń darí, bí ó bá tú u sílẹ̀, ọkọ̀ ti padà sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń wo ojú ara wọn, wọ́n sì ń wo òkè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ pápá tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lò, oko ẹ̀gẹ́ ni, àwọn ìyá tí ń ru igi ìdáná sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Wọn kò sí nínú àpérò wa. Baba ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ni kọ́kọ́rọ́, ọmọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ni ọwọ́, kò sì sí ẹni tí ó bi ìyá elégẹ̀ẹ́ bóyá ó gbà kí kílò 12 máa tàkìtì lókè orí òun. Nítorí irú àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe fara mọ́ ìkéde tí NCAA, àjọ tí ń mójú tó ọkọ̀ òfúrufú ní Nàìjíríà, ṣe ní 2016, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ nínú láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn fún Ààrẹ lórí ètò ààbò. Àwọn ọ̀dọ́ ń ráhùn pé ìwé àṣẹ náà nira láti gbà, ìráhùn wọn sì tọ́. Síbẹ̀, ìjọba ni ó ń bá ìyá elégẹ̀ẹ́ béèrè ìbéèrè tí òun kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè.

Ẹjọ́ tí mo dá ni pé kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò baba títí ọyẹ́ mìíràn yóò fi kọjá. Ní gbogbo àkókò náà, kí ọmọ má fi ọwọ́ kan ọkọ̀ ìkọ́ṣẹ́ mọ́, kí ó fi fóòmù kọ́ adárà kékeré, kí ó máa fi í tàkìtì kí ó sì máa fọ́ ọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ lọ́sẹ̀ náà, kí wọ́n sì wá ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ọ̀nà oko. Kí baba wá dá ọjọ́ kan, kí ó dárúkọ rẹ̀, tí yóò jókòó wo ọmọ rẹ̀ kí ó tó ṣí yàrá.

Ẹ̀gbọ́n mi gba gbogbo rẹ̀ àfi ọjọ́ dídá. Ó ní òun kò lè dá ọjọ́ fún ohun tí ó lè pa ènìyàn. Ọmọ náà ní tirẹ̀ fẹ́ kí a dá ọjọ́, ṣùgbọ́n ojú ń tì í láti tún máa gbé fóòmù kékeré lọ sí pápá nígbà tí gbogbo àdúgbò ti rí páálí ńlá tí ó ti Amẹ́ríkà dé. Ìtìjú yìí ni a ṣì ń bá a fà lọ́wọ́.